Àgádágodo Oòrùn Kejì

Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ iná ìlú náà kò lè pààrọ̀ gílóòbù. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo ń sọ. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá sín lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àjà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kí i ní pẹ̀lẹ́, bí gílóòbù ilé ìdáná rẹ̀ bá jó, inú òkùnkùn ni ìyàwó rẹ̀ yóò ti máa táràrà wá ṣíbí títí oníná kan yóò fi ti ọ́fíìsì wá. Ẹ̀rù iná ń ba Ọ̀gá. Kì í fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ súwíìṣì. Bó bá fẹ́ wọ yàrá, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò wúkọ́, ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò sáré wá tanná fún un.

Bó ṣe wá di olórí àwọn oníná kò ṣòro láti sọ. Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, wọ́n gbà á síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí igbákejì agun-òpó, ìyẹn àwọn tó máa ń fi bẹ́líìtì so ara wọn mọ́ òpó iná láti tún wáyà ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gun àkàbà dé ìgbésẹ̀ kẹta, ó wo ìsàlẹ̀, ó sì dì mọ́ òpó bí ọmọ tó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ọkùnrin méjì ló já a kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní kó lọ jókòó díẹ̀ sí ọ́fíìsì kí àyà rẹ̀ lè balẹ̀. Akọ̀wé tó ni àga tó jókòó lé ti gba ìsinmi lọ. Bí ó ṣe jókòó nìyẹn o, kò sì dìde mọ́ àfi ìgbà tó bá fẹ́ bọ́ sórí àga tó tóbi ju ìyẹn lọ. Ó di fìdíhẹ akọ̀wé, ó di fìdíhẹ alábòójútó, ó di fìdíhẹ Ọ̀gá Àgbà. Fìdíhẹ ni gbogbo rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó rántí ṣí fáìlì rẹ̀ láti kọ oyè tuntun kankan sí i. Nínú fáìlì, igbákejì agun-òpó ló ṣì jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sápò, a ó padà wá mú un.

Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Ọ̀gá láyé: kí Mínísítà fi í jẹ Olórí Iná gbogbo orílẹ̀-èdè. Oyè gidi, tí kò ní fìdíhẹ nínú. Àga náà ti ṣófo láti oṣù mélòó kan, Ọ̀gá sì ti ń fi ojú inú rí ara rẹ̀ lórí rẹ̀, ó ti tilẹ̀ mọ irú aṣọ tó máa wọ̀.

Kí orúkọ lè bá àga mu, ó sọ ara rẹ̀ ní Oòrùn Kejì. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló kéde rẹ̀. Ó ní, "Oòrùn àkọ́kọ́, tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wọ̀. Èmi kì í wọ̀." Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ ni akọ̀wé àgbà rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà nítorí pé láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń bá Ọ̀gá ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ "rárá" lẹ́nu rẹ̀ rí. Ní àràárọ̀, aago mẹ́jọ, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí àgbàlá, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á sì máa ka oyè Ọ̀gá látinú ìwé: "Oòrùn Kejì! Bàbá Ìmọ́lẹ̀! Ọ̀tá Òkùnkùn! Ẹni tí mọ̀nàmọ́ná ń sá fún!"

Àwọn agun-òpó tó wà lẹ́yìn á máa fi ètè rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ ẹni tó ń sá fún ẹnìkejì.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan. Àbúrò Mínísítà wá jẹun nílé Ọ̀gá, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ọwọ́ Mínísítà, ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bọ̀. Ìyàwó Ọ̀gá ti tẹ́ tábìlì. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ọ̀gá sún àga mọ́ àlejò rẹ̀, ó ní, "Ní àdúgbò yìí, láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, iná ò ṣẹ́jú rí." Kò tíì pa ẹnu dé tí iná fi lọ.

Ọ̀gá fa fóònù yọ, ó pe obìnrin tó ń ṣàkóso yàrá súwíìṣì, tí tàgbà tèwe ilé-iṣẹ́ ń pè ní Ìyá Súwíìṣì.

"Ta ló pa iná àdúgbò mi?"

"Ẹ káàsán, sà. Bàbá Okùn ló wà lórí òpó níbẹ̀, sà. Wáyà kan ti fẹ́ já."

"Tan án."

"Kò ṣe é tàn, sà. Bàbá Okùn ti fi àgádágodo ti súwíìṣì ọ̀hún."

"Ìwọ obìnrin yìí, o mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín, sà. Ẹ̀yin ni Oòrùn Kejì. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó wà lórí òpó."

Òfin àwọn agun-òpó nìyẹn, ó sì ti wà kí wọ́n tó gba Ọ̀gá síṣẹ́. Olúkúlùkù wọn ló ní àgádágodo kékeré tirẹ̀. Kí ó tó gun òpó, yóò pa súwíìṣì ojú ọ̀nà tí iná ń gbà dé òpó yẹn, yóò tì í pa, yóò ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Láti ìgbà náà lọ, ìbáà jẹ́ ọba, ìbáà jẹ́ ìjòyè, kò sẹ́ni tó lè tan iná lé e lórí, àfi tóun fúnra rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ wá ṣí i. Ẹ̀mí ò ní sípéà. Bàbá Okùn, olórí àwọn agun-òpó, ló kọ́ gbogbo wọn bẹ́ẹ̀, iná kò sì gbé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ rẹ̀ rí.

Àbúrò Mínísítà nu òógùn iwájú orí rẹ̀, ó mu omi díẹ̀, ó bèèrè wọ́ọ́rọ́wọ́, "Bàbá Okùn yìí, ṣé ọ̀gá yín ni?"

Ìbéèrè yẹn wọ Ọ̀gá lára ju abẹ́rẹ́ lọ. Kò lè jẹun mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe gbogbo ilé-iṣẹ́ jọ sí àgbàlá, ó gun orí pèpéle tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹ̀yin tí ìtànṣán mi ń rábàbà lé lórí! Mo ti wo ilé-iṣẹ́ yìí láti òkè dé ilẹ̀, mo sì rí àìsàn tó ń ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ ti pọ̀ jù! Ibi tí kọ́kọ́rọ́ bá ti pọ̀, ọ̀gá ló pọ̀ níbẹ̀. Mo bi yín, oòrùn mélòó ló wà lójú ọ̀run?"

"Ọ̀kan, sà!" ni gbogbo àgbàlá dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà yára tún un ṣe: "Méjì, sà!"

Ọ̀gá mi orí sí i pẹ̀lú ìfẹ́. Ó wá ka òfin tuntun. Gbogbo àgádágodo kékeré di èèwọ̀, kí wọ́n lọ kó wọn dànù. Irin gbọọrọ kan ni wọn yóò fi dábùú gbogbo súwíìṣì ìlú, àgádágodo kan ṣoṣo ni yóò wà lẹ́nu irin náà, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni yóò sì ṣí i. Ó gbóhùn sókè. "Àgádágodo kan! Kọ́kọ́rọ́ kan! Ọrùn kan!" Ó sì fi ìka kan ọrùn ara rẹ̀, kó má baà sí ẹni tí kò yé.

Bàbá Okùn jáde síwájú. Kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí awọ. "Ọ̀gá, ẹ dákun, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àgádágodo wa wọ̀nyẹn kì í ṣe ti oyè. Ti ẹ̀mí ni, sà."

"Bàbá, ìgbà wo lo máa fẹ̀yìn tì?"

"Ó ku oṣù mẹ́fà, sà."

"Jẹ́ kí ó pé."

Ẹ̀rín gba ẹnu Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Bàbá Okùn wo ilẹ̀, ó rò ó wò, ó ní, "Mo ti gbọ́, sà." Ẹ̀yin tí ẹ ti bá àgbà gbé rí á mọ̀ pé "mo ti gbọ́" àti "màá ṣe é" kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Àpò tí àwọn àgádágodo kékeré wà, Bàbá Okùn kó o pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó da àkísà bò ó.

Àgádágodo Ọ̀gá dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tóbi tó búrẹ́dì odindi, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ wúrà, wọ́n sì ya ojú Ọ̀gá sí i lára tẹ̀ẹ̀kẹ́tẹ̀ẹ̀kẹ́. Ihò kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí ibi tí ẹnu wà. Ọ̀gá gbé e lọ sílé láti fi han ìyàwó rẹ̀.

"Báwo lo ṣe rí i?"

Ìyàwó rẹ̀ yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ó jọ yín gan-an ni. Ẹnu rẹ̀ náà ò ṣe é pa dé."

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá ti fi tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ pupa so kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn. Ó fi ń wẹ̀, ó fi ń sùn, ó fi ń ya fọ́tò. Ìyàwó rẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á ní, "Olówó orí mi, gílóòbù tún ti jó o. Ẹ wò ó bóyá kọ́kọ́rọ́ yẹn lè pààrọ̀ rẹ̀." Ọ̀gá kì í dá a lóhùn. Ẹni tó ń wo àga orílẹ̀-èdè kò ní àyè ọ̀rọ̀ ilé ìdáná.

Níbi iṣẹ́, nǹkan dojú rú. Agun-òpó tó bá fẹ́ tún wáyà ṣe yóò kọ́kọ́ wá Ọ̀gá rí. Ọ̀gá wà nípàdé, Ọ̀gá ń ya fọ́tò, Ọ̀gá ń sinmi ọ̀sán. Ọjọ́ kan tí wọ́n rí i mú, ó wá pẹ̀lú Bẹ́ẹ̀ni-Sà lẹ́yìn tó ń ka oyè, ó ṣí irin, wọ́n pa iná ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, ó ti irin padà, ó sì gba ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ lọ. Wọ́n parí iṣẹ́ láàárín wákàtí kan. Ojú ọ̀nà yẹn kò rí iná títí di ọjọ́ kejì.

Bàbá Okùn pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ sídìí àkàbà. "Ẹ gbọ́. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá wà lọ́rùn ẹlòmíràn, kó má gun òpó. Mi ò ní lọ sọ fún ìyàwó ẹnikẹ́ni pé ọkọ rẹ̀ kú nítorí tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ pupa." Bí kò ṣe sẹ́ni tó gun òpó mọ́ nìyẹn. Ẹ̀ka igi dàgbà wọ inú wáyà. Ẹyẹ kọ́ ilé sórí tíránsífọ́mà, ó yé, ó pa, àwọn ọmọ rẹ̀ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò níbẹ̀. Wáyà àdúgbò mìíràn sọ̀ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń tẹ orí ba kọjá.

Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ń kọ ọjọ́ tí wọ́n pa iná fún àtúnṣe sí mọ́ tónítóní. Ọ̀gá rí i, inú rẹ̀ dùn dé ẹsẹ̀. Ó kọ̀wé sí Mínísítà: "Láàárín oṣù méjì tí mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a pa iná ṣe àtúnṣe." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ burú ju irọ́ lọ, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe máa bá a jà.

Èsì dé. Mínísítà ń bọ̀ wá fojú rí iṣẹ́ ìyanu yìí, bó bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti kéde Olórí Iná tuntun. Ọ̀gá ka lẹ́tà náà ní ìgbà mẹ́rìndínlógún. Bẹ́ẹ̀ni-Sà bá a ka mẹ́ta nínú rẹ̀.

Ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa lò, Ọ̀gá sì ní kí wọ́n fi aṣọ dúdú kan gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, kí wọ́n gbé igba gílóòbù sára àjà. Ètò rẹ̀ nìyí: ní aago méjìlá ọ̀sán géérégé, wọn yóò pa iná gbogbo ìlú. Mínísítà yóò jókòó sínú òkùnkùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó lè mọ bí ayé ṣe rí láìsí Oòrùn Kejì. Ọ̀gá yóò wá rìn dé yàrá súwíìṣì, yóò fi kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ ṣí àgádágodo, Ìyá Súwíìṣì yóò bá a tẹ súwíìṣì (a ti sọ ìdí rẹ̀), ayé yóò sì mọ́lẹ̀.

Bàbá Okùn bèèrè nípa jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Ọ̀gá ní, "Ilé-iṣẹ́ iná tó ní jẹnẹrétọ̀, olóúnjẹ tó ń lọ rajẹ níta ni!" Ó ní kí wọ́n gbé e fún ilé ìwòsàn. Ohun rere kan ṣoṣo tó ṣe lọ́dún yẹn nìyẹn, kò sì mọ̀.

Ó wá kọ òfin ọjọ́ náà sílẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá súwíìṣì. Tó bá di aago méjìlá, Ọ̀gá ìbáà wà ńbẹ̀, ìbáà má sí ńbẹ̀, kí wọ́n pa iná, kí wọ́n sì ti àgádágodo. Ẹni tó bá fi ayùn tàbí irin kan àgádágodo náà, iṣẹ́ ti bọ́, owó ìfẹ̀yìntì ti bọ́. Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì rán an létí pé ọ̀tá pọ̀, sà, nítorí náà Ọ̀gá fi kún un pé bí wọ́n bá gbọ́ ohùn òun lórí fóònù pé kí wọ́n gé e, kí wọ́n má gbà, ọ̀tá ló ń sín òun jẹ.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá wọ kóòtù funfun bí ẹni tó ń gbéyàwó. Ó ti kọ́kọ́ lọ ṣí àgádágodo sílẹ̀, kí Ìyá Súwíìṣì lè rí iná pa kó tó tún tì í. Nígbà tí aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ọkọ̀ Mínísítà wọ àgbàlá. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méje, Ọ̀gá fọwọ́ kan àpò rẹ̀, ó rí i pé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, tó jẹ́ ogójì ojú ìwé, ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀ ní àjà kẹjọ. Kò lè rán ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé náà. "Bẹ́ẹ̀ni-Sà, ká lọ!" Bẹ́ẹ̀ni-Sà ló máa ń bá a tẹ lífíìtì.

Wọ́n gòkè. Wọ́n mú ìwé. Ọ̀gá dúró wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó tún tẹ́ẹ́rẹ́ pupa ọrùn rẹ̀ ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n wọ lífíìtì padà. Bí wọ́n ṣe wà láàárín àjà karùn-ún àti ìkẹrin, ní yàrá súwíìṣì, Ìyá Súwíìṣì wo aago ara ògiri, ó wo òfin ara ògiri, ó pa iná gbogbo ìlú, ó sì ti àgádágodo. Ó ró kọ́á.

Lífíìtì dúró. Òkùnkùn ṣú.

"Bẹ́ẹ̀ni-Sà, kí ló dé?"

"Iná lọ, sà."

"Ta ló pa á?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ní kí wọ́n tan án kíá!"

"Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn yín, sà."

Ọ̀gá fọwọ́ pa ọrùn ara rẹ̀, ó bá kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe Ìyá Súwíìṣì.

"Ẹ gé àgádágodo yẹn!"

"Sà, ẹ̀yin lẹ ní tí a bá gbọ́ ohùn yín, ká má gbà. Ó wà lára ògiri."

"Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀!"

"Bí ọ̀tá náà á ṣe sọ nìyẹn, sà." Ó sì fi sùúrù gbé fóònù sílẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ gun àtẹ̀gùn dé àjà karùn-ún, wọ́n fi irin fẹ ilẹ̀kùn díẹ̀, àlàfo bí àtẹ́lẹwọ́ kan ṣí sílẹ̀. Wọ́n bẹ Ọ̀gá pé kó ju kọ́kọ́rọ́ sí àwọn. Ó kọ̀ jálẹ̀. Bí wọ́n bá tan iná láìsí òun, ta ni Mínísítà yóò fi jẹ Olórí? Kí wọ́n wá bí wọn yóò ṣe fa òun jáde, kí òun fọwọ́ ara òun ṣí i. "Kọ́kọ́rọ́ yìí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́rùn mi!" Wọ́n fa lífíìtì, kò mì. Wọ́n tún fà á.

Ní ìsàlẹ̀, Bàbá Okùn gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dúró lójú kan, ó ń rò ó. Gbogbo wáyà ìlú ló ti kú. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó lè jí wọn wà nínú àpótí irin láàárín àjà karùn-ún àti ìkẹrin. Láti oṣù méjì, òní nìkan ni gbogbo òpó ìlú dákẹ́ pọ̀. Ó ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ká àkísà kúrò, ó gbé àpò jáde.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, "ẹ wá mú tiyín."

Àwọn mọ́kànlá ló wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fi àgádágodo kékeré tirẹ̀ kọ́ ẹ̀gbẹ́ ti Ọ̀gá lára irin gbọọrọ yẹn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó gbé àkàbà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ti fọ́n ká orí òpó káàkiri ìlú, wọ́n ń gé ẹ̀ka igi, wọ́n ń fa wáyà tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń rọra kó ilé ẹyẹ lọ sórí igi.

Nínú gbọ̀ngàn, Mínísítà jókòó sínú òkùnkùn tí aṣọ dúdú yí ká. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogún, ogún di ogójì. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò gbóhùn. Òógùn ti mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àga. Àbúrò rẹ̀ tó jókòó tì í rọra ní, "Bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tí mo lọ jẹun nílé Ọ̀gá."

Ooru náà wọ inú lífíìtì pẹ̀lú. Ọ̀gá ti bọ́ kóòtù funfun. Ó jókòó sílẹ̀, ogójì ojú ìwé ló sì fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ni-Sà, òfin tí mo ṣe yẹn, ṣé ó mọ́gbọ́n dání?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Bẹ́ẹ̀ni-Sà nu ojú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Rárá, sà."

Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló ṣe ohun tí ooru kò lè ṣe. Ọ̀gá bọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ pupa lọ́rùn, ó nà án gba àlàfo ilẹ̀kùn. Wọ́n sáré gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sí yàrá súwíìṣì. Mínísítà fúnra rẹ̀ ti dé ibẹ̀, ó tú bọ́tìnnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Súwíìṣì ṣí àgádágodo ńlá, ó gbé e kalẹ̀. Irin kò mira. Mọ́kànlá ló kù lára rẹ̀.

"Ta ló ni ìwọ̀nyí?" ni Mínísítà bèèrè.

"Àwọn tó wà lórí òpó ni, sà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló máa wá ṣí tirẹ̀. A ò lè tan iná lé wọn lórí."

"Ńlá yẹn ńkọ́? Orí òpó wo lẹni tó ni ín wà?"

"Kò gun òpó rí, sà," ni Ìyá Súwíìṣì wí. "Inú lífíìtì ló wà."

Mínísítà wo àwọn àgádágodo kékeré náà, ó wo ojú aláwọ̀ wúrà tó la ẹnu sílẹ̀ lórí tábìlì. "Ẹ bá mi mú fáìlì ọkùnrin yìí wá." Ẹ má rò pé ìfẹ́ àwọn agun-òpó ló mú un. Ooru ló mú un, àti pé ayàwòrán ìwé ìròyìn ti yà á níbi tó ti ń fi fìlà fẹ́ abíyá. Ó ka ojú ìwé àkọ́kọ́ fáìlì náà, ó tún un kà. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Aago méjì kọjá dáadáa kí agun-òpó kọkànlá tó sọ̀ kalẹ̀ wá ṣí tirẹ̀. Iná dé. Àwọn ará ìlú ní irú iná tó mọ́lẹ̀ báyìí, ó ti pẹ́. Lífíìtì sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, Ọ̀gá jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Igba gílóòbù ń tàn lé àga òfìfo lórí. Obìnrin kan ń gbálẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà, ẹ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀," ó sì gbálẹ̀ kọjá.

Ìlà tí Mínísítà kọ kò gùn: kí ó padà sí ipò rẹ̀ gan-an tó wà nínú fáìlì.

Ọ̀gá Àgbà tuntun dé ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì fún un ní ilé ńlá tí ilé-iṣẹ́ kọ́ fún Ọ̀gá Àgbà. Oòrùn Kejì àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí yàrá méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa kọ́kọ́ padà síbi iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ bá a di okùn bàtà. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó kàn ní, "Ẹ ṣọ́ra o, bàbá àwọn ọmọ mi. Ẹ padà wá bá mi. Gílóòbù ilé ìdáná ń dúró dè yín."

Òpó tí Bàbá Okùn mú un lọ wà ní àdúgbò tó ti kúrò. Bàbá Okùn ti tọwọ́ bọ àpò láàárọ̀ yẹn láti wá àgádágodo fún un, mọ́kànlá ló wà, gbogbo wọn ló sì ti ní ẹni tó ni wọ́n. Èyí tó kù nìkan ni ńlá yẹn tí wọ́n ti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní yàrá súwíìṣì. Àwọ̀ wúrà ara rẹ̀ ti ń ṣí, imú ti bọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń tì. Òun ni wọ́n fi ti súwíìṣì ojú ọ̀nà náà.

Ó gun àkàbà. Ìgbésẹ̀ kan, méjì. Ní ìkẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ dì, ó sì dì mọ́ òpó bíi ti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe ti yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù ikú ni.

"Má wo ìsàlẹ̀," ni Bàbá Okùn ké sí i. "Kọ́kọ́rọ́ rẹ dà?"

Ó fọwọ́ kan àpò. "Ó wà níbí, sà."

"Ta ló lè tan iná lé ọ lórí?"

Ó rò ó. Ó rò ó pẹ́. "Kò sí, sà."

"Ó dáa. Máa gòkè."

Ó gòkè. Ó so bẹ́líìtì mọ́ òpó, ó na ọwọ́ sí wáyà tó ń sá fún láti ọdún pípẹ́, ó dì í mú, kò sì sí ohun tó ṣe é. Láti ibẹ̀ ló ti ń wo òrùlé ilé tó ti gbé rí. Fóònù Bàbá Okùn dún ní ìsàlẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó gbójú sókè, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Súwíìṣì ni! Ó ní Ọ̀gá tuntun ní àlejò nílé, inú ti ń bí i. Ó ní ká tan iná kíákíá. Ó ń bèèrè bóyá a mọ ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀!"

Ẹni tó wà lókè di wáyà mú ṣinṣin. Ó fi ọwọ́ kejì kan àpò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ẹ bá mi kí i, sà," ó ní. "Ẹ sọ fún un pé kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó wà lórí òpó."